Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Lẹ́yìn Ọgbà Ìyá Ìyùn

"Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? A máa ń pa á fún ẹni tó ń kọ́lé tí owó rẹ̀ kò pọ̀. A máa ń pa á fún àlejò tó ní òun fẹ́ sùn mọ́jú péré, tó sì wá di onílé. Nígbà mìíràn a tilẹ̀ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ọgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ náà wọ̀? Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó ni ọgbà, àti ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń wá níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nílé wa ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹ má bínú bí ó bá mú omi wá sí yín lójú. Nínú omijé ni òwe náà ti hù.

Obìnrin kan wà láyé àtijọ́ ní abúlé Òkè-Ìwó, Jọláadé ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Ìyùnadé. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ti rí nílẹ̀ wa. Bí obìnrin bá wọlé ọkọ, Ìyàwó ni tọmọdé tàgbà yóò máa pè é. Ọjọ́ tó bá gbé ọmọ jó ni yóò gba orúkọ mìíràn, èyí tí yóò máa dùn mọ́ ọn létí títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Ìyùnadé lórúkọ ni gbogbo agbo ilé ti ń pe Jọláadé ní Ìyá Ìyùn.

Ara ọmọ náà yá sí iṣẹ́. Ó ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀, ó sì máa ń la odò kékeré ẹ̀yìn abúlé kọjá láti lọ bá Akíntádé, àbúrò bàbá rẹ̀, bọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí abo ẹlẹ́dẹ̀ kan bímọ, ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ náà tó kéré gan-an, tí àwọn yòókù ń tì kúrò nídìí ọmú. Akíntádé ní kí Ìyùnadé máa mú un lọ, pé bó bá yè, tirẹ̀ ni. Ìyùnadé gbé e wálé sínú aṣọ bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, ó sì sọ ọ́ ní Àlejò. Ó ní nígbà tí wọn kò fún un láyè nílé ìyá rẹ̀, kó wá ṣe àlejò nílé àwọn.

Àlejò yè, ó sì sanra. Ibi tí Ìyùnadé bá ń lọ ni òun náà ń lọ, ó ń kùn hùn-ún hùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa bi í léèrè pé, "Ìyùn, ṣé ìwọ lo bí i ni, àbí èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì?" Ibì kan ṣoṣo ni Àlejò kò gbọdọ̀ dé. Ọgbà kan wà lẹ́yìnkùlé Jọláadé, tí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, tí ó sì fi okùn ìko dì. Níbẹ̀ ló ń gbin ata àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọjọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ bá wọ ọgbà òun, ọjọ́ náà ni yóò padà sí òdìkejì odò.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ibà dé sí Ìyùnadé. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n gbàdúrà, ìyá rẹ̀ kò gbé e kúrò láyà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹni tó fi í fúnni gbà á padà. Èmi kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ọlọ́run gbọ́ igbe tí obìnrin náà kò ké jáde.

Nítorí Jọláadé kò sunkún. Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbé Ìyùnadé lọ, wọ́n sì padà dé láì sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Àwọn obìnrin agbo ilé palẹ̀ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ọmọ náà mọ́, kí ojú ìyá má baà rí i kí ọkàn rẹ̀ má baà gbọgbẹ́: ẹní tó ń sùn lé, igbá tó fi ń mumi, aṣọ tó wà lórí okùn. Wọ́n so okùn mọ́ Àlejò lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fà á padà lọ bá Akíntádé lódìkejì odò. Àánú ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Àánú yìí kan náà ni wọ́n fi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Jọláadé. Bó bá dìde láti gbá iwájú ilé, ẹnìkan a ti sáré gbá a. Bó bá na ọwọ́ sí ìkòkò omi, wọn a ní òun kọ́ ló máa pọnmi. Wọ́n ń dáná fún un, wọ́n ń ṣẹ́gi fún un, wọ́n sì ń sọ fún un láràárọ̀ pé, "Jókòó, Ìyàwó, sinmi." Ìyàwó. Ẹnu wọn kò gbà láti pe orúkọ ọmọ tó ti lọ, wọ́n sì padà sí orúkọ tí wọ́n ń pè é kó tó bímọ. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ti gba ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo tán, ìbànújẹ́ rí ibi jókòó sí.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí, tí yóò fẹ̀yìn ti òpó, tí yóò kọjú sí ọgbà láì rí ọgbà. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ fún un, ẹ̀kọ náà a gbẹ mọ́ ewé. Ata rẹ̀ rọ, ẹ̀fọ́ rẹ̀ kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kò wò wọ́n. Ìyá Dúrójayé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àgbà agbo ilé, ń wò ó bó ṣe ń gbẹ. Ó ti sin ènìyàn púpọ̀ láyé rẹ̀, ó sì mọ ojú ẹni tó ti ń múra àtilọ. Ó mọ̀ pé bí ìyípadà kò bá sí, ilé náà yóò tún sin òkú kan sí i kí òjò tó dé.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn lẹ́yìn ọgbà. Àlejò ni. Ó ti já okùn Akíntádé, ó sì ti la odò kọjá. Ó wá sí igun kan lára ọgbà náà, nítòsí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń fi imú ti imọ̀ ọ̀pẹ. Àwọn obìnrin fi igi lé e. Ní ọjọ́ kejì ó tún dé, igun yẹn kan náà ni. Wọ́n tún lé e. Akíntádé tún so ó, ó tún já a.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo ilé lọ sóko. Jọláadé nìkan ló jókòó. Àlejò dé, ó ti imọ̀ títí ihò kékeré kan fi lu, imú rẹ̀ sì yọ sínú ọgbà, ó pọ́n, ó tutù, ó ń mí. Jọláadé ń wò ó. Kò sí ẹni tí yóò lé e, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún òun pé kí òun jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde. Ó ti pẹ́ tó ti fẹsẹ̀ rìn débì kan, ṣùgbọ́n ó rìn dé igun náà. Ó ti imú náà sẹ́yìn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wá imọ̀ kan tó ti ṣubú, ó sì fi dí ihò náà. Ó padà jókòó.

Iṣẹ́ tó ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ náà, bó bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ a bọ́ sí ibi tó dí. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, kò tú. Láti ìgbà tí Ìyùnadé ti lọ, ohun kan ṣoṣo nìyẹn láyé tó fọwọ́ kàn tó sì dúró bó ṣe fẹ́. Nígbà tí Ìyá Dúrójayé ti oko dé, tó wá kó ewé ẹ̀kọ, ó rí i pé ẹ̀kọ náà ti dín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àlejò fi imú lu ẹ̀gbẹ́ ibi tí Jọláadé dí. Jọláadé dìde. Imọ̀ tó wà nílẹ̀ kò tó mọ́, ó ní láti rìn lọ sídìí ọ̀pẹ lójú ọ̀nà odò. Ní ọjọ́ mìíràn okùn ni kò sí, ó ní láti rẹ ìko sómi. Ní ọjọ́ mìíràn àdá rẹ̀ kú, ó ní láti pọ́n ọn. Àwọn obìnrin fẹ́ gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Dúrójayé sì ṣẹ́jú sí wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó ilé kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, sọ fún àwọn yòókù létí Jọláadé pé opó àwọn ti ní àfẹ́sọ́nà o, ẹni tó ń ti ìdájí wá kan ọgbà, tí kò sì ní ju imú lọ. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àyè rẹ̀. Jọláadé kò gbójú sókè níbi tó ti ń so okùn. Ó ní bó bá jẹ́ irú imú yẹn ni àfẹ́sọ́nà náà ní, kí wọ́n bá òun dá a padà fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn láti inú ọyẹ́ wá. Obìnrin tó ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló bú sẹ́kún.

Ẹ má rò pé ó ti sàn. Ọjọ́ ń bẹ tí kò dìde rárá. Nígbà kan, Akíntádé fi ẹ̀wọ̀n irin so Àlejò mọ́ igi, ẹlẹ́dẹ̀ náà kò sì lè wá fún ìgbà díẹ̀. Jọláadé tún fẹ̀yìn ti òpó, ẹ̀kọ tún gbẹ mọ́ ewé. Lẹ́yìn náà Akíntádé wá sílé pẹ̀lú èèkàn líle àti okùn tuntun, ó ní òun fẹ́ tún ọgbà náà ṣe pátápátá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ fún Ìyá Dúrójayé, "ẹlẹ́dẹ̀ yìí kò gbọ́ èdè okùn mọ́. Mo so ó, ó já a. Mo tì í mọ́lé, ó gbẹ́lẹ̀ gba abẹ́ ògiri, àfi ìgbà tí mo fi ẹ̀wọ̀n so ó. Bó bá jẹ́ bó ṣe ń jí ni èmi náà ń jí, ǹ bá ti lọ́rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pa á kí ọdún tó dé, kí Ìyàwó lè rójú sinmi."

"Ìsinmi la ti ń fún un láti ọjọ́ yìí, Akíntádé," ni ìyá àgbà náà dáhùn. "Ìsinmi yẹn ló sì fẹ́ pa á."

Akíntádé ní òun kò lóye.

"Wo ewé ẹ̀kọ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbé e kalẹ̀ láàárọ̀, kò tú u. Ọjọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn bá wá ló ń jẹun. Tú u sílẹ̀, àbúrò mi. Kó èèkàn rẹ máa lọ."

"Ọgbà náà ńkọ́?"

"Jẹ́ kó bàjẹ́. Ọgbà la lè tún ṣe."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Dúrójayé wọlé, ó mú ìgbálẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ Jọláadé, ó sì fi í ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àlejò dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Jọláadé dí ihò, ó sì gbá ibi tó ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó gbá títí dé ìdí ààrò. Lẹ́yìn ìyẹn ó pọnmi, omi tí kò kún ìkòkò, àmọ́ òun ló pọn ọ́n. Bí iṣẹ́ bá ti parí, yóò dúró wò ó díẹ̀ kó tó jókòó. Èmi gbà pé ojú àánú Ọlọ́run wà lára obìnrin náà ní gbogbo ìgbà tó ń dúró wo ilẹ̀ tó gbá.

Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Ilẹ̀ dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Jọláadé mú imọ̀ lọ́wọ́, ó rìn lọ sí igun ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Imú Àlejò ti wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ti wọlé dé ojú, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì ń túlẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Jọláadé bẹ̀rẹ̀ láti tì í sẹ́yìn. Nígbà náà ló rí i.

Ọ̀dùnkún ni. Ewé rẹ̀ tútù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn òjò, lórí àwọn ebè kéékèèké tó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, níbi tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọwọ́ àgbà kọ́ ló kọ wọ́n. Wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, wọn kò sì tò gún. Ẹni tó kọ wọ́n fi àpáàdì kọ̀ọ̀kan gún orí ebè kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Ìyùnadé ṣe máa ń fi àpáàdì sàmì sí ohunkóhun tó bá sọ pé tòun ni. Ọmọ náà kò rú òfin ìyá rẹ̀. Kò mú ẹlẹ́dẹ̀ wọ ọgbà. Ó gbin oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ sínú ọgbà, ó sì ń na án sí i láti àárín imọ̀, níbí yìí, ní igun yìí, láàárọ̀ kùtù kí ìyá rẹ̀ tó jí. Wọ́n ti kó ẹní, wọ́n ti kó igbá, wọ́n ti kó aṣọ. Ẹnikẹ́ni kò rántí ilẹ̀.

Jọláadé wo imú náà, tó tutù, tó ń gbóòórùn ọwọ́ òun. Ó wá yé e. Ọwọ́ ọmọ òun ni ẹlẹ́dẹ̀ náà ti ń wá láti ìgbà yìí.

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì ké. Igbe tí kò ké nínú ọyẹ́, ó ké e nígbà náà, gbogbo agbo ilé sì sáré jáde. Àwọn obìnrin fẹ́ gbé e dìde. Ìyá Dúrójayé na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sun ẹkún rẹ̀ tán, pé òun ti ń gbàdúrà fún ẹkún yìí.

Ó sunkún títí oòrùn fi gòkè. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tú okùn tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ so, ó fa imọ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Àlejò sì wọlé tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Kò túlẹ̀ mọ́. Ó wá dùbúlẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi imú rẹ̀ lé e lórí ẹsẹ̀. Jọláadé wú ọ̀dùnkún kékeré kan, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù, ó sì nà án sí i.

"Ìyàwó," Ìyá Dúrójayé pè é pẹ̀lẹ́, "ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ ọgbà rẹ."

"Ẹ ṣé, Ìyá," ó dáhùn. "Àmọ́ ẹ má pè mí ní Ìyàwó mọ́. Mo bímọ. Ìyá Ìyùn ni orúkọ mi."

Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ohun tí àgbà kì í ṣe fún ọmọdé. Ó sì pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù náà pè é bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dáhùn gbogbo wọn.

Ìyá Ìyùn pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Kò mọ ibojì ọmọ rẹ̀ títí ó fi sùn, ṣùgbọ́n ó ń gbin ọ̀dùnkún lọ́dọọdún ní igun ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń fi àpáàdì gún orí ebè. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kò lọ tán. Àmọ́ ẹ̀rín náà padà, ó ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ obìnrin kan, tí ilẹ̀ ayé sì sú onítọ̀hún, òun ni wọ́n máa ń wá pè. Kì í gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀. Yóò jókòó tì í, yóò bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fọ igbá kan ṣoṣo, ìyẹn náà tó fún ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá bi í bí ó ṣe ṣe é tí ó fi dìde, yóò ní, "N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Láti ẹnu rẹ̀ ni òwe náà ti bọ́ sí ẹnu gbogbo wa. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà kan pa á lónìí fún ẹni tó ń kọ́lé tàbí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ohun tó ń sọ ni pé kí onítọ̀hún má ṣe fojú kéré ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ̀ tó lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ ìdí rẹ̀ máa ń pa á jẹ́jẹ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wó, ní ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ dìde tó sì gbá ojú ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún un pé ìtùnú ti mú ọ̀nà pọ̀n, pé imú rẹ̀ ti yọ. Kó má dí ihò náà.